Bí a ṣe ń fi fóònù wọ ààfin àti mùsíọ́mù òkèèrè, kí dátà má sì ṣòfò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ìtàn ni mí ní ilé-ìwé girama kan ní Ìpẹ̀rù-Rẹ́mọ. Wọ́n ní èèyàn lè wo inú ààfin àwọn ọba òyìnbó àti àwọn mùsíọ́mù ńlá lórí ayélujára lọ́fẹ̀ẹ́. Mo dán an wò pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì mi. Àwòrán ń yí bìrí, àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, orí ń fọ́ mi, dátà tán. N kò lè sọ ohun kan pàtó tí wọ́n rí kọ́. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀? Báwo la ṣe máa ṣe é tí dátà kò fi ní pa wá lówó? Ṣé òótọ́ sì ni pé a ò ní san kọ́bọ̀?

Ìdáhùn: Tíṣà wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Iṣẹ́ ìtọ́jú ìwé àti àwòrán àtijọ́ ni mò ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló sì ń bi mí ní irú ìbéèrè yìí. Púpọ̀ nínú wọn ń wọ ibẹ̀ bí ẹni wọ ọjà Òkè-Ajé láìmọ ohun tó fẹ́ rà: ó máa rìn títí, ẹsẹ̀ á máa ro ó, á sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Kí ẹ tó tan dátà rárá, ẹ mú yàrá kan tàbí ohun kan ṣoṣo, kí ẹ sì fún àwọn ọmọ ní ìbéèrè kan tí wọ́n máa wá ìdáhùn sí níbẹ̀. Èmi ò rò pé ó yẹ kí kíláàsì kan wo ju yàrá kan lọ lọ́jọ́ kan.

Olùkọ́ ìtàn ni yín, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ààfin Versailles nílẹ̀ Faransé. Ẹ máa rí i lórí Google Arts & Culture, èyí tí Google dá sílẹ̀ ní 2011, tó ní áàpù tirẹ̀ tó sì ń ṣí lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ má ṣe rìn káàkiri ààfin náà o. Ẹ lọ tààrà sí gbọ̀ngàn onídígí, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 73. Dígí 357 ni wọ́n tò sára ògiri apá kan, ní ọ̀kánkán fèrèsé tó kọjú sí ọgbà. Ní ayé ìgbà tí Louis Kẹrìnlá, ọba Faransé, kó ìjọba rẹ̀ lọ síbẹ̀ ní 1682, ẹní bá ní dígí ńlá kan ṣoṣo nílé ti tó ẹni tí wọ́n ń pè ní olówó. Àwọn ará Venice ló gbajúmọ̀ jù nídìí iṣẹ́ náà nígbà yẹn, ọba sì fẹ́ kí ayé rí i pé àwọn oníṣẹ́ Faransé náà lè ṣe é. Ìbéèrè tí ẹ máa fún àwọn ọmọ nìyí: kí ni ọba yìí fẹ́ kí àlejò máa rò lọ́kàn bó ṣe ń rìn bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà? Lẹ́yìn náà kí wọ́n bi ara wọn ní ìbéèrè kan náà nípa ààfin Àkárìgbò ní Ṣágámù. Ẹ ó rí i pé wọ́n á sọ̀rọ̀.

Gbọ̀ngàn yẹn kan náà ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó parí ogun àgbáyé kìíní pẹ̀lú Jámánì, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 1919. Jámánì tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù gbogbo ilẹ̀ tó ń ṣàkóso ní Áfíríkà, tó fi mọ́ Kamẹrúùnù, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá ń darí apá kan rẹ̀ pọ̀ mọ́ Nàìjíríà. Ẹ ò rí i pé yàrá kan tó kíláàsì méjì.

Tí ó bá jẹ́ àwòrán ọlọ́dà lẹ fẹ́, mùsíọ́mù Rijksmuseum ní Amsterdam, nílẹ̀ Netherlands, ni kí ẹ lọ. Ní 2022 wọ́n gbé àwòrán «The Night Watch» tí Rembrandt yà ní 1642 jáde lórí ìkànnì wọn. Fọ́tò 8,439 ni wọ́n so pọ̀ di ẹyọ kan. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan fi ìka méjì fẹ ojú àwòrán náà síwájú síi, díẹ̀díẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ ẹ ó rí àwọn ọmọ ogun pẹ̀lú ìbọn àti ọ̀kọ̀. Ẹ tún fẹ̀ ẹ́, ẹ ó rí ojú ọkùnrin kan tó ń yọjú láàárín èjìká àwọn èèyàn lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé Rembrandt fúnra rẹ̀ ni. Tí ẹ bá tún fẹ̀ ẹ́ síi, ojú náà á parẹ́, yóò ku ọ̀dà tó ti sán wẹ́wẹ́ àti ipa búrọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó lọ sí Amsterdam gan-an kò lè rí ìyẹn, torí wọn ò ní jẹ́ kó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo fẹ́ràn jù. Àwọn èèyàn máa ń rò pé rírìn nínú yàrá ni gbogbo ẹ̀, bẹ́ẹ̀ àpótí ìwákiri tó wà lójú ìkànnì mùsíọ́mù ló lérè jù. Ẹ lọ sí britishmuseum.org, ibi àkójọ àwọn ohun ìní wọn, kí ẹ tẹ «Ijebu» sí i láìsí àmì ohùn kankan. Ẹ tún gbìyànjú «Jebu», torí bẹ́ẹ̀ ni àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ ń kọ ọ́. Aṣọ Ìjẹ̀bú àti iṣẹ́ idẹ Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀. Tí ẹ bá rí ìtagbè, aṣọ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Òṣùgbó ń gbé kọ́ èjìká, ẹ fẹ ojú rẹ̀ kí àwọn ọmọ lè rí ṣàkì ara rẹ̀; àwọn obìnrin wa ló ń hun ún lórí òfì òòró. Ẹ wo ọdún tí ohun kọ̀ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ wọn àti ẹni tó gbé e wá, kí ẹ fi ọdún ogun Ìmágbọn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà, 1892, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn ohun àtijọ́ Benin ti ilẹ̀ Ẹdó náà ní ibi tirẹ̀, ìkànnì Digital Benin, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2022 pẹ̀lú ohun tó lé ní 5,000, láti mùsíọ́mù àti ilé àkójọ 131 ní orílẹ̀-èdè 20. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: fọ́tò kì í sọ ibi tí ohun náà wà lónìí. Jámánì dá ogún nínú tiwọn padà fún Nàìjíríà ní oṣù Kejìlá 2022. Ní mùsíọ́mù Louvre ní Paris, olè kó ohun ọ̀ṣọ́ ọba mẹ́jọ lọ ní oṣù Kẹwàá 2025, àmọ́ àwòrán wọn kò bá wọn lọ.

Dátà wá ńkọ́? Gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí àwòrán tàbí tí ẹ fẹ ojú rẹ̀, fóònù á tún lọ gbé ègé tuntun wá. Ibẹ̀ ni dátà ń gbà lọ. Bí ọmọ ogójì bá ń yí i lórí fóònù ogójì, ẹ ti mọ̀. Fóònù kan tàbí kọ̀ǹpútà kan, prójẹ́kítọ̀ kan, ọmọ kan tó ń yí i, àwọn yòókù á máa sọ ibi tó máa lọ. Kó máa yí i jẹ́jẹ́, kó sì dúró. Yíyí bìrí-bìrí yẹn ló fọ́ orí yín. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ rin ọ̀nà náà fúnra yín, kí ẹ ya ojú fóònù ní ibi mẹ́fà tàbí méje tẹ́ ẹ fẹ́ dúró sí. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ tàbí tí wọ́n mú iná, ẹ máa fi àwọn fọ́tò yẹn bá iṣẹ́ lọ. Tó bá jẹ́ fídíò ni, ẹ fa bí àwòrán rẹ̀ ṣe mọ́ tó wálẹ̀ sí 360p tàbí 480p.

Ní ti owó, ọ̀fẹ́ ni gbogbo èyí tí mo dárúkọ. Àwọn mùsíọ́mù kan ń gba owó fún ìrìn tí èèyàn gidi bá ń ṣàlàyé rẹ̀ lójúkojú lórí fídíò, ìyẹn yàtọ̀. Ìkànnì tó bá ní kí ẹ kọ nọ́ńbà káàdì ATM yín kí ẹ tó wo àwòrán lásán, ẹ tètè jáde níbẹ̀. Ẹ tẹ àdírẹ́sì mùsíọ́mù náà fúnra yín, bíi louvre.fr tàbí museivaticani.va, dípò kí ẹ tẹ̀lé líǹkì tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Ìkẹ́nnẹ́ kò jìnnà sí yín rárá. Ní ilé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níbẹ̀, sàréè rẹ̀ àti mùsíọ́mù wà. Bí àwọn ọmọ bá ti mọ bí a ṣe ń fi ìbéèrè kan wọ yàrá kan, ẹ kọ lẹ́tà síbẹ̀ ṣáájú, kí ẹ béèrè iye ọmọ tí wọ́n lè gbà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì kó wọn lọ.