Ẹ má tìtorí orúkọ àìsàn san owó àwòrán PET

Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ẹ ní ẹnì kan sọ pé àwòrán PET, ìyẹn àwòrán tí ẹ̀rọ fi ń ṣàfihàn bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́, ló máa jẹ́ kó dájú pé schizophrenia, àìsàn ọpọlọ tó lè mú kéèyàn máa gbọ́ ohùn tí kò sí, ló ń ṣe ọmọ yín. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àìsàn yìí ló ń bá àbúrò mi fínra, ó sì ti wọ ẹ̀rọ náà fún ìwádìí. Èmi ni mo bá a lọ.

Ṣúgà tí wọ́n fi fluorine-18, èròjà tí ẹ̀rọ náà lè rí, sàmì sí ni wọ́n fà sí i lára. Ó wá dákẹ́ jókòó kí ọpọlọ tó gbà á, nítorí ibi tó bá ń ṣiṣẹ́ jù ni ṣúgà ń lọ jù. Ẹ wá rò ó: bí ohùn bá ń bá a sọ̀rọ̀ ní gbogbo àkókò yẹn ńkọ́? Bí kò bá sùn mọ́jú? Gbogbo rẹ̀ ló ń wọnú àwòrán. Àwọ̀ pupa àti búlúù yẹn gan-an, kọ̀ǹpútà ló kùn ún. Wọ́n lè yí i padà, kó wá dà bíi pé ọ̀ràn ti burú sí i.

Òótọ́ wà nínú ìwádìí o. Ní 1974, àwọn oníwádìí kan, Ingvar àti Franzén, ní Sweden rí i pé ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣàn sí iwájú ọpọlọ àwọn tí àìsàn náà ti pẹ́ lára wọn, tí a bá fi wé apá ẹ̀yìn. Ní 1986, Weinberger àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn aláìsàn máa ṣa káàdì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Iwájú ọpọlọ wọn kò ta jí bíi tàwọn tí ara wọn dá. Àmọ́ èsì ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n pa pọ̀ kí ìyàtọ̀ náà tó hàn. Tẹ́ ẹ bá mú ẹyọ ẹnì kan, àwòrán rẹ̀ lè jọ ti ẹni tí kò ní nǹkan kan.

Oògùn àìsàn náà tún ń da ọ̀rọ̀ rú: ó máa ń yí bí ààrin ọpọlọ ṣe ń lo ṣúgà padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí àwòrán dá oògùn ọmọ dúró. Mo bẹ̀ yín.

Bí dókítà bá ní kẹ́ ẹ ṣe MRI tàbí CT, ìyẹn àwòrán tó ń fi bí inú orí ṣe rí hàn, ẹ ṣe é. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá kókó tàbí nǹkan mìíràn wà nínú ọpọlọ ni. Ní ti schizophrenia, ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ àti ohun tẹ́yin fojú rí nílé ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, bó ṣe ń sùn, àti ohun tó sọ pé òun ń gbọ́, kẹ́ ẹ mú un dání.