Ẹ gba pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ àwọn ìbejì yẹn ná

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ ní àwọn ọmọ yín ọlọ́dún mẹ́rin ń sá fún ìwé, ẹ wá ń béèrè eré tí ẹ lè fi ABD àti ení, èjì ṣe pẹ̀lú wọn láàárọ̀, kí ẹ tó gbéra ní Lugbe l'Abuja lọ síbi iṣẹ́. Mo ń bọ̀ níbẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ yín ta mí lára.

Ọmọ mi obìnrin ò tíì pé ọdún mẹ́rin tí jẹ́léósinmi kan ní Kubwa níbí fi ń fún un níṣẹ́ àṣetiléwá: kó kọ 1 dé 50 lálaalẹ́. Ọmọ tí kò lè de bọ́tìnnì ara rẹ̀! Àtàǹpàkò rẹ̀ á ká sínú, á fi gbogbo agbára tẹ pẹ́ńsùlù títí ìwé á fi ya. Tó bá kan 7, á kọ ọ́ sódì, àǹtí á fi bírò pupa fa gbogbo ojú ìwé yẹn já. Nígbà tó yá, kó ṣáà ti rí báàgì ìwé rẹ̀ láàárọ̀, inú rírun ti dé. Ọ̀gá ilé ìwé pè wá, ó ní ọpọlọ ọmọ wa ń fà, ó sì júwe ògbógi kan fún wa. Bàbá yẹn gbowó káàdì, ó gbowó àyẹ̀wò, kò bá ọmọ sọ gbólóhùn kan, ó ní ká máa gbé e wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ti bọ́ fún un! Ìyá nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú kọ́ḿpáùn wa ló là wá lójú, kò gba kọ́bọ̀. Ó ní egungun ọrùn ọwọ́ ọmọ kékeré ò tíì gbó, iṣan ìka rẹ̀ ò tíì le, àti pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà sódì títí wọ́n fi ń sún mọ́ ọdún méje. Kí ó fọwọ́ po ìyẹ̀fun, kí ó ya bébà, kí ó ṣa ẹ̀wà ná.

Nítorí náà, ẹ kó pẹ́ńsùlù pamọ́. Ẹ da iyanrìn gbígbẹ sínú tíréè, kí wọ́n máa fìka kọ lẹ́tà sí i. Lásìkò ọyẹ́, gíláàsì mọ́tò tí eruku bò tó wọn. Orúkọ wọn ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, T fún Táíwò, K fún Kẹ́hìndé. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ lẹ́tà gbàǹgbà sílẹ̀, ẹ pè é, kí wọ́n fò lé e. Ìyókù ẹ ó mọ̀ ọ́n.

Ẹ ṣọ́ra fún ṣáàtì ABD, bébà ńlá tí wọ́n ń tà lọ́jà láti fi kọ́ ògiri. Àwọn kan wà tí wọ́n pè ní ti Yorùbá, tí c àti q wà nínú rẹ̀, tí ẹ, ọ àti ṣ ò sì ní àmì nísàlẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka lẹ́tà rẹ̀, 25 ló gbọ́dọ̀ jẹ́, gb sì wà níbẹ̀ láyè ara rẹ̀.

Ẹ má sì retí ìjọba o. Ní 2022 wọ́n ní èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní 2025 wọ́n tún wọ́gi lé e. Bẹ́ẹ̀ láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, onímọ̀ ẹ̀kọ́, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní Ifẹ̀, tí àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa.

Ti nọ́ńbà, kíréètì ẹyin tó ti ṣófo ló dáa jù, ihò 30 ló ní. Ìdérí ìgò omi ni kí wọ́n máa jù sínú rẹ̀, kí wọ́n máa kà á. Tí ẹ̀wá bá ti dúró lẹ́nu wọn, ẹ kó ogún sínú ihò, kí Kẹ́hìndé mú mẹ́ta kúrò: mẹ́tàdínlógún nìyẹn, ojú ọmọ ti rí i. Bí wọ́n bá gbọ́ ɗaya, biyu, uku, ìyẹn ení, èjì, ẹ̀ta lédè Hausa, lẹ́nu ọmọ màígáàdì, ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á pẹ̀lú. Láàárọ̀, bọ́tìnnì aṣọ ilé ìwé tó ó kà.

Ẹ má fi ẹ̀wà sílẹ̀ fún wọn láìsí àgbà nítòsí. Ọmọ a máa ti ẹ̀wà bọ imú. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má fi pín-ìn-nì tàbí ìka wá a jáde, ṣe ni yóò wọlé sí i. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kíá.

Bí ilé ìwé bá ránṣẹ́ pé ọpọlọ ọmọ ń fà, ẹ ní kí wọ́n kó ìwé iṣẹ́ tí gbogbo kíláàsì ṣe wá kí ẹ wò ó, kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.