Pápákọ̀ òfuurufú ńlá wo ló súnmọ́ òkè Kilimanjaro jù?

Kilimanjaro International Airport ni. JRO ni wàá rí lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Àárín Arusha àti Moshi ló wà, ní àríwá Tanzania, ọdún 1971 ni wọ́n sì ṣí i. Àwọn tó fẹ́ gun òkè náà (mítà 5,895, òun ló ga jù ní Áfíríkà) àti àwọn tó ń lọ wo ẹranko ní Serengeti àti Ngorongoro ló ń gba ibẹ̀ jù.

Bó bá jẹ́ òkè lo fẹ́ gùn, Moshi ni kó o wọ̀ sí. Bó bá jẹ́ ẹranko, Arusha.

Ibi tí èèyàn ti lè ṣì í rèé: Arusha náà ní pápákọ̀ kékeré tirẹ̀, ARK, tí àwọn bàlúù kéékèèké ti ń gbé èèyàn lọ sí Serengeti. Pápákọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni JRO àti ARK o, wọ́n sì jìnnà síra. Yẹ àmì náà wò kó o tó sanwó.

Láti Èkó, o lè bá Ethiopian Airlines lọ, kó o pààrọ̀ bàlúù ní Addis Ababa. Mú káàdì yẹ́lò rẹ (ẹ̀rí pé o ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára yellow fever) dání. Wọ́n ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá.