Ẹnu kànga ni kẹ́ ẹ ti wá olórí yín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè bí ẹ̀yà aṣálẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ fi kọ ìtàn á ṣe máa yan olórí àti bí wọ́n á ṣe máa fẹ́ ìyàwó, tẹ́ ẹ ní ọkùnrin tó bá lágbára jù ló máa jọba, tó bá sì ti pa ẹni tó wà lórí oyè á kó gbogbo ìyàwó ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró ná. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ irú ìtàn yìí, mo sì ti bá àwọn ẹlòmíì ka tiwọn náà. Àṣà tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìjà kì í pẹ́ sú òǹkàwé, torí tí wọ́n bá ti jà lẹ́ẹ̀kejì kò sí nǹkan tuntun mọ́, alágbára kan á kàn lọ, òmíì á dé.

Omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ràkúnmí tí òùngbẹ ti gbẹ dáadáa lè mu bíi lítà 100 omi láàárín bíi ìṣẹ́jú 15. Ẹ wá fojú inú wò ó, ìdílé kan kó ràkúnmí 20 dé ẹnu kànga, lítà 2,000 nìyẹn o, kànga yẹn jìn, kò sí ẹ̀rọ, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fà á, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan lẹ́yìn òmíì, okùn ti họ òkúta ẹnu kànga wọnú títí ó fi lójú ilà, àwọn ìdílé mìíì sì ti ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú ẹran tiwọn. Ta ló máa sọ pé ti lágbájá ló máa kọ́kọ́ mu? Nígbà tí ẹran ti ń ké, tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fọwọ́ kan ọ̀bẹ, ọ̀rọ̀ ta ni gbogbo wọn máa gbọ́? Ẹni yẹn ni olórí yín. Ó lè jẹ́ bàbá arúgbó tí ò lè gbé igi mọ́, ó lè jẹ́ obìnrin tó mọ ibi tí omi máa ń sun sí lọ́dún tí òjò bá kọ̀, ṣá ti jẹ́ ẹni tó jẹ́ pé tó bá sọ̀rọ̀ wọ́n á gbà.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ràn jagunjagun yín yẹn jù láti yọ ọ́ kúrò, ẹ jẹ́ kó pa olórí tán, kó wá kó ẹran ẹ̀ dé kànga lọ́jọ́ kejì, kí ìyá tó mú okùn lọ́wọ́ ní kó lọ tò sẹ́yìn. Ohun tó bá ṣe níbẹ̀ ni ìtàn yín.

Ẹ wo àwọn tó ń gbé aṣálẹ̀ lóòótọ́. Láàárín àwọn Bedouin, ìyẹn àwọn Lárúbáwá tó ń da ẹran kiri aṣálẹ̀, ṣéìkì tó jẹ́ olórí wọn ò lè kàn pàṣẹ kí gbogbo ayé máa sáré tẹ̀ lé e, torí ẹni tí inú ẹ̀ ò bá dùn lè tú àgọ́ ẹ̀, kó kó ẹran ẹ̀, kó gba ibòmíì lọ. Pé ó ń parí ìjà, pé ó ń gba àlejò, pé ọwọ́ ẹ̀ là, ibẹ̀ ni agbára ẹ̀ wà. Ti àwọn Tuareg tó ń gbé lágbègbè Ahaggar ní gúúsù Àlgéríà tún yàtọ̀, láyé àtijọ́, ìdí ìyá ni wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó mọ ẹni tí oyè amenokal, ìyẹn oyè olórí wọn, kàn, ọmọ arábìnrin olórí lè jẹ ẹ́ nígbà tí ọmọ tí olórí fúnra ẹ̀ bí ò ní í jẹ ẹ́. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti àwọn Ju/'hoansi, tí wọ́n wà lára àwọn San, àwọn ọdẹ aṣálẹ̀ Kalahari ní gúúsù Áfíríkà. Nígbà tó jẹ́ pé ọdẹ ni wọ́n fi ń jẹun, ẹni tó ni ọfà tó pa ẹran ló ni ẹran, òun ló máa pín in, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíì ló ta á, wọ́n sì máa ń fún ara wọn lọ́fà, nítorí náà ẹni tí ò tiẹ̀ jáde nílé lè di ẹni tó ń pín ẹran. Tí ọdẹ bá pa ẹran ńlá, wọ́n á máa bú ẹran náà, wọ́n á ní egungun lásán ni, ó mà gbẹ o, kí orí ọdẹ má bàa wú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ̀yà tí ò lọ́ba, ẹ ti rí orí kan kọ nìyẹn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìyàwó. Tí èèyàn yín ò bá ju ogójì lọ, kò ní í pẹ́ tí gbogbo wọn á fi di ẹbí ara wọn, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ lọ fẹ́ níta, àna sì nìyẹn, ọ̀dọ̀ àna ni wọ́n máa kó ẹran lọ lọ́dún tí kànga tiwọn bá gbẹ. Ọmọbìnrin tí wọ́n fún èèyàn tó ń gbé lápá ibi tí òjò máa ń rọ̀ sí, omi ni wọ́n fi pamọ́ síbẹ̀ yẹn. Àsìkò tí wọ́n á máa wá ẹni tí wọ́n máa fẹ́ náà, ilẹ̀ ló máa sọ ọ́ fún yín. Àwọn Fúlàní Wodaabe ní Niger, nígbà tí òjò bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe ayẹyẹ Gerewol, tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin á kun ojú, wọ́n á jó, àwọn ọmọbìnrin á mú ẹni tó wù wọ́n. Ìgbà yẹn nìkan ni koríko àti omi pọ̀ tó kí èrò tó péjọ síbì kan.

Owó orí gan-an ló máa so ìyàwó pọ̀ mọ́ oyè. Ràkúnmí máa ń lóyún fún bí oṣù 13, kì í sì í bí lọ́dọọdún, torí náà tẹ́ ẹ bá ní ràkúnmí mẹ́fà ni wọ́n fi ń fẹ́ ìyàwó, ọmọkùnrin kankan ò lè dá a kó jọ, bàbá ẹ̀ ló máa tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀, àgbààgbà sì ti di ọ̀dọ́ mú lọ́rùn nìyẹn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní iṣẹ́ ló máa ṣe, bíi ti Ju/'hoansi láyé àtijọ́ tí ọkọ á lọ gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí ìyàwó, tá á máa dọdẹ fún wọn fún ọdún púpọ̀, ìyá ìyàwó ni ọmọ yẹn máa bẹ̀rù. Nínú ìtàn tèmi, ọ̀dọ́kùnrin gbọ́dọ̀ fa omi fún ìyá ìyàwó fún odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan. Òfin kan ṣoṣo ni, ó sì ti bí ẹ̀dá ìtàn fún mi lóríṣiríṣi, èyí tí kànga ilé àfẹ́sọ́nà ẹ̀ jìn ju gbogbo kànga lọ, èyí tí okùn ti bó àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ tí ò sì fẹ́ kẹ́nì kankan rí i, ìyá tó ń sọ pé ẹ̀ẹ̀rùn ò tíì parí torí kò fẹ́ kí ọwọ́ tó ń bá òun ṣiṣẹ́ lọ.

Ohun tí mo wá ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí ni pé kí wọ́n kọ ìkọ̀sílẹ̀ kí wọ́n tó kọ ìgbéyàwó. Lọ́dọ̀ Tuareg, àwọn obìnrin ìdílé ìyàwó ló ń ṣe àgọ́ fún un nígbà ìgbéyàwó, tiẹ̀ ni, tí wọ́n bá sì tú ká, ọkùnrin ló máa wá ibi tó máa sùn sí. Nínú ẹ̀yà tiyín, ta ló ń kó ọmọ lọ? Ta ló ni abo ràkúnmí tó ń fún wọn ní wàrà? Ṣé ọkùnrin yẹn ṣì lè fa omi ní kànga àwọn àna ẹ̀ lọ́la? Ìgbà tẹ́ ẹ bá ti lè dáhùn ìwọ̀nyí láìṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú ni kẹ́ ẹ tó lọ kọ ayẹyẹ.