Kí ló dé tí wọ́n fi ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ síwájú Ṣàngó ní Kúbà?

Òǹkàwé kan béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ wa. Ó rí àwòrán ojúbọ Ṣàngó kan ní Havana, níbi tí wọ́n gbé odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ òrìṣà, tí wọ́n sì fi ọ̀já pupa dè é. Ó ní orógbó, àmàlà àti àgbò ni òun mọ̀ mọ́ Ṣàngó nílé, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ará ọ̀hún ti ṣi àṣà gbé.

Wọn kò ṣì í gbé. Ohun tí olùsìn ń jẹ ni òrìṣà rẹ̀ ń bá a jẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì ni àwọn tí wọ́n gbé Ṣàngó dé Kúbà jẹ dàgbà níbẹ̀.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ ní erékùṣù náà. Gúúsù-ìlà-oòrùn Éṣíà àti New Guinea ni ó ti ṣẹ̀, ó sì ti wà ní Áfíríkà tipẹ́tipẹ́ kí ọkọ̀ Òyìnbó tó dé etíkun wa. Òpìtàn Gonzalo Fernández de Oviedo kọ ọ́ sílẹ̀ pé àlùfáà kan, Tomás de Berlanga, ni ó kó o láti erékùṣù Canaria wá sí Santo Domingo ní ọdún 1516, ibẹ̀ ni ó sì ti tàn dé àwọn erékùṣù tí ó yí i ká. Nígbà tí ogun tú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ká ní ọ̀rúndún 19, tí wọ́n ń kó àwọn ènìyàn wa lọ sí oko ìrèké Kúbà, wọ́n bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbẹ̀, ojú wọn kò sì ṣàjèjì sí i.

Òun gan-an ni wọ́n fi ń bọ́ wọn. Òfin tí ìjọba Spéìn ṣe lórí ọ̀rọ̀ ẹrú ní Kúbà ní ọdún 1842 là á sílẹ̀ pé oúnjẹ òòjọ́ tí ẹrú oko kò gbọ́dọ̀ ṣaláìní ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ 6 sí 8, tàbí ìwọ̀n ànàmọ́, iṣu tàbí gbágùúdá tí ó bá a dọ́gba, pẹ̀lú ẹran tàbí ẹja oníyọ̀ tí ó wọn ọ́ńsì 8, àti ìrẹsì tàbí ìyẹ̀fun ọ́ńsì 4. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni òfin náà kọ́kọ́ dárúkọ, òun ni wọ́n sì fi ń wọn iṣu. Ìlò ẹrú kò dópin níbẹ̀ títí di ọdún 1886, nítorí náà ìran kan ju ìran kan lọ ni ó gbé orí oúnjẹ yìí.

Lórí ilẹ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní conuco, tí wọ́n gbà kí ẹrú máa ro fún ara rẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tún ni. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Iṣu ní ìgbà tí a ń gbìn ín àti ìgbà tí a ń wà á, ẹni tí ó sì ń gé ìrèké láti ìdájí dé alẹ́ kò ráyè kọ ebè. A kàn máa ń yọ ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ gbìn ni. Ní bí ọdún kan, ó ti so. Bí a bá bẹ́ ìdì rẹ̀ tán, ìyá a kú, ọmọ mìíràn a sì ti dìde nídìí rẹ̀. «Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò» tí a ń wí nílé kì í ṣe àdúrà nìkan fún irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀, oúnjẹ ọ̀la ni. Ìjì nìkan ni ọ̀tá rẹ̀ tí ó le jù, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ kò rinlẹ̀: nígbà tí ìjì líle Irma kọjá ní etíkun àríwá Kúbà ní oṣù September 2017, ó wó oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ bẹẹrẹ.

Ẹ tún wo ilé ìdáná wọn. Wọ́n ń se àgbagbà dúdú, wọ́n ń gún un pọ̀ mọ́ àáyù àti ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, fufú ni wọ́n sì ń pè é. Ìpékeré wà níbẹ̀, dòdò wà níbẹ̀. Èyí tí a kì í sábà ṣe nílé ni chatino: wọ́n á gé àgbagbà dúdú sí wẹ́wẹ́ tí ó nípọn, wọ́n á dín in díẹ̀, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n á sì dá a padà sínú epo gbígbóná títí yóò fi gbẹ létí.

Irú oúnjẹ báyìí kò lè ṣaláì dé ojúbọ. Ní ọjọ́ 4 oṣù December, tí í ṣe ọjọ́ Santa Bárbara, ẹni mímọ́ ìjọ Àgùdà tí wọ́n fi bo Ṣàngó mọ́lẹ̀ lójú àwọn alágbára ìjọ Kátólíìkì, ni ẹ ó rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ jù níwájú rẹ̀. Inú ọpọ́n onígi tí ó ní ìdérí ni òrìṣà náà ń gbé, orí odó ni wọ́n sì ń gbé ọpọ́n náà kà, bí odó ṣe jẹ́ ti Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Wọ́n lè gbé ìdì náà síbẹ̀ ní dúdú kí ó máa pọ́n lójú òrìṣà. Wọ́n sì lè mú 4 tàbí 6, tí í ṣe iye Ṣàngó lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n fi epo pupa àti oyin pa á lára. Àgbò kò yí padà. Àmàlà náà kò pa orúkọ dà, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun àgbàdo àti ilá ni wọ́n fi ń ṣe é, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe jẹ́ pé awẹ́ àgbọn mẹ́rin ni wọ́n ń dà dípò obì.

Ẹni tí èyí bá ń kọ lóminú, kí ó rántí pé láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti dé ọ̀dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ tí a fi ń bọ òrìṣà nílé lónìí, àgbàdo ni. A kò pe ìyẹn ní àṣìṣe, kò sì yẹ kí a pe tiwọn bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìlànà, ilé kan yàtọ̀ sí èkejì. Àwọn kan ń lo ọ̀gẹ̀dẹ̀ eléèpo pupa, àwọn mìíràn ń lo àgbagbà, nítorí náà ẹni tí ó bá gba òrìṣà ní ilé Lukumí (orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀sìn òrìṣà Yorùbá ní Kúbà) ní láti béèrè irú rẹ̀ àti iye rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá tàbí ìyá òrìṣà tí ó fi í jẹ.