Wọ́n rí S nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi: ṣé kó bá wọn wọ ìgbáradì bọ́ọ̀lù?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 19, ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà nítorí bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá ní yunifásítì kan ní Texas. Ó ti débẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì ṣáájú sáà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní S wà nínú rẹ̀. Ẹnu yà mí, nítorí a ti ṣe àyẹ̀wò yìí fún un n'Ìbàdàn nígbà tó wà ní kékeré, AA ni wọ́n kọ síwèé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sọ fún un pé kó má jẹ́ kí kóòṣì gbọ́, kí wọ́n má baà fi í jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ tí wọ́n fi ń yan ikọ̀. Ṣé kó máa gbá a lọ? Àbí kó padà wálé?

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn ọmọ, mà. Kó má padà wálé o, kó má sì fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Àwọn agbábọ́ọ̀lù AS wà káàkiri pápá ní Amẹ́ríkà, tilé níbí ò sì lóǹkà. Ibi tí ewu wà fún irú wọn ni ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ìgbáradì, nígbà tí oníkálukú ń sáré kí kóòṣì lè rí i pé òun yẹ ní mímú. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló kù sí dẹ̀dẹ̀ fún ọmọ yín, ìdí nìyẹn tí mo fi tètè dá yín lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ìwé àyẹ̀wò. Èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé ibẹ̀ kọ́kọ́ máa ń ṣe kò le: wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sínú èròjà kan, bí omi náà bá dàrú, S wà níbẹ̀. Kò lè sọ bóyá AS ni, SC ni, tàbí SS. Ká ní SS ni, ẹ̀yin fúnra yín ì bá ti mọ̀ látìgbà tó wà ní kékeré. SC, tó jẹ́ àìsàn bíi SS, ni mò ń bẹ̀rù, torí pé C wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá, ẹni tó sì jẹ́ SC lè dàgbà kí ara rẹ̀ tó sọ fún un. Nítorí náà, kó tó sáré kankan, kó ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò tó ń ya oríṣi ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀, ìyẹn electrophoresis tàbí HPLC. Ohun tí à ń pè ní jẹ́nótáìpù nílé nìyẹn. Bó bá já sí SC, ẹ pa ìyókù ìdáhùn yìí tì, ọ̀dọ̀ dókítà tó mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ni kó gbà lọ kó tó wọ bàtà bọ́ọ̀lù.

Ní ti AA tó wà nínú ìwé yín, mo ti rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé púpọ̀. Wọ́n lè ṣi orúkọ lẹ̀ mọ́ ìgò ẹ̀jẹ̀, irinṣẹ́ lè má péye, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì sí ọmọ lára nígbà náà. Ẹ má fi ìwé àtijọ́ bá wọn jiyàn. Ẹ tún ti àwọn àbúrò rẹ̀ náà ṣe, nítorí ọ̀dọ̀ bàbá tàbí ìyá ni S ti ń wá.

Ó dáa, ká sọ pé AS ni. Bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ó ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ibà líle tó ń pani, ìyẹn ló jẹ́ kó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín wa. AS kì í ṣe àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Nínú hóró ẹ̀jẹ̀ pupa ẹni tó jẹ́ AS, A pọ̀ ju S lọ, A yìí ló ń ká S lọ́wọ́ kò lójoojúmọ́. Ọmọ yín lè gbá bọ́ọ̀lù fún 90 ìṣẹ́jú kó má mọ̀ ọ́n lára rárá. Àmọ́ bí èèyàn bá ń sáré àsápajúdé léraléra láìsinmi, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á kan nítorí ohun tí iṣan ń tú jáde, ara á gbóná, omi inú hóró ẹ̀jẹ̀ á sì máa gbẹ. Nígbà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pàdé, hóró tó rí roboto á tẹ̀ bíi dòjé, á le, á há sínú òpó ẹ̀jẹ̀ tó tín-ín-rín. Iṣan tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ohun tó ń jò jáde lára iṣan náà lè ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè dá ọkàn dúró.

Ẹni tí gbogbo àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í gbàgbé ni Dale Lloyd. Ọmọ ọdún 19 lòun náà, Texas náà ló sì wà, ní Yunifásítì Rice tó wà ní Houston. Bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń gbé sọ́wọ́ sáré, ló ń gbá. Lọ́jọ́ kan ní oṣù Kẹsàn-án 2006, wọ́n ní kí wọ́n sá 100 yáàdì lọ́nà 16. Ó ṣubú, ó sì kú lọ́jọ́ kejì. AS ni, kò sì mọ̀. Àwọn òbí rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, nígbà tí wọ́n sì yanjú rẹ̀, NCAA, àjọ tó ń bójú tó eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, sọ ọ́ di òfin láti oṣù Kẹjọ 2010 pé kí ilé ìwé Division I, ìpele tó ga jù, máa bójú tó àyẹ̀wò S fún àwọn eléré ìdárayá wọn. Àwọn ìpele tó kù tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà. Àyẹ̀wò tó yà yín lẹ́nu yìí, ikú ọmọ olọ́mọ ló bí i, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín fi í ṣeré.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe ìdíje ni Dale wà. Eré ìdánrawò tí wọ́n ń sá léraléra ló ń sá. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, agbábọ́ọ̀lù máa ń rìn, á dúró nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù wọlé, á sáré nígbà tó bá rí àyè, á sinmi láìtọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Níbi eré ìdánwò, fèrè kóòṣì ló ń pàṣẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ kì í bà mí tó ti ọjọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí wọ́n á to gbogbo ọmọ sórí ìlà fún beep test, eré àsálọ-sábọ̀ tí ìró ẹ̀rọ ń mú yára sí i. Àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ oṣù Kẹjọ yẹn kò sí nínú àkọsílẹ̀ sáà. Kóòṣì ń fi wọ́n wo ẹni tó ní lọ́wọ́ ni. Òfin bọ́ọ̀lù yunifásítì níbẹ̀ tún gba pípààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù láyè ju ti FIFA lọ: ẹni tó bá jáde ní abala kejì lè padà wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ yín lè jáde lọ mu omi, kó mí, kó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹni tó yẹ kó sọ fún kọ́kọ́ ni athletic trainer. Kì í ṣe kóòṣì o. Òṣìṣẹ́ ìlera tó ń dúró létí pápá ni, òun ló ń kọ ètò ìtọ́jú àwọn ọmọ náà sílẹ̀. AS kì í ṣe ohun tí NCAA fi ń lé èèyàn kúrò nínú ikọ̀. Ní Division I, ọwọ́ dókítà ikọ̀ àti athletic trainer ni àṣẹ ọ̀rọ̀ ìlera wà, kóòṣì ò gbọ́dọ̀ gba àṣẹ náà lọ́wọ́ wọn. Tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá tún ń gbà á nímọ̀ràn, ẹ rán an létí ohun tí àwọn àgbà wí: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ohun tó máa bá wọn sọ kò pọ̀. Kí wọ́n jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó sì máa fi kún un láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ara máa ń nílò bí ọjọ́ 10 sí 14 kó tó mọ́ ooru, ooru Texas lóṣù Kẹjọ kì í sì í ṣe kékeré. Kó má ṣe ìdánwò eré sísá tí wọ́n ń fi aago wọ̀n ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Kó máa sinmi pẹ́ láàárín eré kan sí èkejì. Kó lómìnira láti dúró nígbàkígbà tí ara rẹ̀ bá sọ fún un, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi í ṣẹ̀sín.

Ṣé ìṣọ́ra yìí ń ṣiṣẹ́? Ìwádìí kan tó jáde ní 2012 lórí àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà ní Division I rí i pé ewu ikú lẹ́nu eré ìdárayá fi ìlọ́po 37 ga lára àwọn AS ju àwọn tó kù lọ. Ẹ̀rù ba gbogbo wa. Ní 2016, òmíràn jáde lórí 47,944 ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà: ikú àwọn AS kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewu kí iṣan bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ fi ìdá 54 nínú 100 ga lára wọn. Kí ló fa ìyàtọ̀? Iṣẹ́ àwọn ológun kò rọrùn ju bọ́ọ̀lù lọ. Lójú tèmi, òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé lórí omi, ìsinmi àti ooru ni, òfin tó kan gbogbo wọn, AA àti AS. Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ yín bá níbi ìgbáradì rẹ̀ nìyẹn.

Àmì rẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe tó ń pani ti ń wáyé. Bí pajápajá bá mú agbábọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ á le bí igi, á máa ké, ẹ ó fojú rí iṣan tó ń fà. Bó bá jẹ́ ooru líle ló gbé e dè, ara á gbóná kọjá 40°C, á máa sọ kántankàntan. Inú omi yìnyín ni kí wọ́n kì í bọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ti S yàtọ̀. Ẹsẹ̀ á rọ̀, ẹni tó bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ò ní rí ohun tó le níbẹ̀. Ọmọ á ní ẹsẹ̀ kò gbé òun mọ́, á rọra wólẹ̀, á ṣì máa sọ̀rọ̀ kedere. Ó máa ń tètè ṣẹlẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí eré líle bá bẹ̀rẹ̀, kódà láàárọ̀ tí oòrùn ò tíì mú. Kóòṣì tí kò mọ̀ á wò ó pé kò le, kò ké, ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Á ní kó dìde. Bó bá dìde sáré sí i, ó lè má padà. Kí wọ́n gbé e kúrò lórí pápá, kí wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú, kí wọ́n tù ú lára. Bí kò bá sàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì ibẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún ilé ìwòsàn pé AS ni.

Ọ̀rọ̀ omi ní ohun kan nínú tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Wọ́n máa ń lẹ ìwé àwọ̀ ìtọ̀ mọ́ ilé ìyàgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù: bó bá mọ́, omi tó lára, bó bá pọ́n, lọ mumi. Kíndìnrín ẹni tó jẹ́ AS kì í lè fa omi kúrò nínú ìtọ̀ dáadáa kí ìtọ̀ náà lè ki. Ìtọ̀ rẹ̀ lè mọ́ nígbà tí omi ò tó lára rẹ̀ rárá, nítorí náà kó má fọkàn tán ìwé yẹn. Kó máa mumi látàárọ̀, kó sì máa wọn ara rẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn ìdánrawò. Ìwọ̀n tó bá dín, omi ni. Bí ìtọ̀ bá pupa tàbí dúdú bí kóòkì, dókítà ni lọ́jọ́ náà gan-an. Kó yẹra fún ohun mímu tí wọ́n fi ń ta ara jí. Lọ́jọ́ tí ibà bá ń ṣe é, tí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe é, tàbí tí kò sùn, kó má sáré.

Bí ikọ̀ wọn bá ní ìrìn àjò lọ sórí ilẹ̀ gíga bíi Denver, níbi tí ọ́síjìn ti kéré, kó sọ ṣáájú. Ryan Clark, tó gbá bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà fún ikọ̀ Pittsburgh Steelers, jẹ́ AS. Lẹ́yìn tó gbá bọ́ọ̀lù ní Denver ní 2007, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi yọ spleen rẹ̀, tó wà lábẹ́ ìhà òsì. Ó yè é, ó padà sórí pápá, ṣùgbọ́n kò gbá ní Denver nígbà tí ikọ̀ rẹ̀ padà lọ síbẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní 2012. Bí ìhà òsì bá ń dun ọmọ yín lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó má sọ pé gáàsì ni.

Ẹ pè é lálẹ́ òní, mà. Bí aago mẹ́sàn-án bá lù n'Ìbàdàn, aago mẹ́ta ọ̀sán ni lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ́fíìsì athletic trainer ṣì wà ní ṣíṣí. Kó lọ béèrè fún electrophoresis yẹn kí wọ́n tó fọn fèrè àkọ́kọ́.