Mítà tí wọ́n fi ń wọn iná (multimeter) olówó pọ́ọ́kú wo ni kí n rà fún iṣẹ́ àtúnṣe nílé, ní Ìkòròdú?

Tó bá jẹ́ rédíò, ṣájà àti báàtìrì lẹ fẹ́ máa tún ṣe, mítà kékeré tí wọ́n ń pè ní DT830D tó yín. Báàtìrì 9V ló ń lò, ó sì máa ń dún bí wáyà tí ẹ fi í wọ̀n kò bá já.

Ẹ dán an wò ní ìsọ̀ níbẹ̀ ní Sábó kí ẹ tó sanwó. Ẹ yí i sí 200 lápá Ω (ibi tí wọ́n ti ń wọn ìdènà iná), kí ẹ fi ẹnu wáyà rẹ̀ méjèèjì kanra. Nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ sún mọ́ òdo.

Ihò 10A, tí wọ́n fi ń wọn iná (current) tó pọ̀, ló ń bà mí lẹ́rù jù. Lára ọ̀pọ̀ mítà olówó pọ́ọ́kú, kò sí fíúsì níbẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé wáyà pupa síbẹ̀, tí ẹ wá ti ẹnu wáyà bọ sókẹ́ẹ̀tì láti wọn fólítéèjì, ó lè bú gbàù mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wo ihò yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Fún iná ilé 230V, ẹ fowó kún un, kí ẹ ra mítà tí wọ́n kọ CAT III sí lára (àmì ààbò fún iná ilé) látọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó lórúkọ. Bí àmì báàtìrì bá yọ lójú mítà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kíá. Nọ́ńbà rẹ̀ lè ti máa purọ́.